Abẹ́rẹ́ Màlúù Tó Gún Mi Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025
Abẹ́rẹ́ màlúù gún mi lónìí, abẹ́rẹ́ ló ké! Ó wọ àtàńpàkò mi dé eegun, ó tẹ̀ bí ìwọ̀. Èmi Hàrúnà ò ṣẹ́jú. Ọwọ́ kejì ni mo fi di màlúù Bàbá méjèèje mú, gbogbo Òde-Máhìn ń wò mí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Dókítà màlúù ló kó oògùn náà wá lọ́kọ̀ ojú omi, nínú kúlà yìnyín ẹja. Bẹ́líìtì ni mo ń pè é — bẹ́líìtì rẹ̀ gùn ju òun alára lọ. Ó ní àjẹsára ni, kí àrùn tó ń ba oyún màlúù jẹ́ má bàa wọlé. Ó ní kòkòrò inú rẹ̀ ò kú o, wọ́n kàn gba agbára rẹ̀ ni. Kò dáa fún màlúù tó lóyún, tó bá sì gún èèyàn, ká sọ fún òun kíá. Kó tó lọ, ó bi wá. Mo ní kò gún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin bíi tèmi kì í fẹjọ́ abẹ́rẹ́ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Ara mi le koko.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
Ibà mú Sàlímátù, àbúrò mi. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹnu bí abẹ — kò bú mi lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ìyá rí àpá lọ́wọ́ rẹ̀. Sàlímátù ní: “Ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ni.” Ta ni yóò jiyàn? Kò sọ́mọ tó ń ṣa ẹja níbí tí ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún ò gún rí. Wọ́n fi epo gbígbóná sí i. Sàlímátù wò mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Nọ́ọ̀sì Rejoice ní ibà ẹ̀fọn ni. Ó fún un lóògùn. Ó rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24
Ibà náà tún padà dé. Òógùn — ẹní rẹ̀ rin gbingbin. Orúnkún ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo pè é ní ìyá àgbà. Kò rẹ́rìn-ín.
Ara màlúù méjèèje dá ṣáká.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27
Bẹ́líìtì pe Bàbá, ó ń béèrè màlúù. Bàbá ní màlúù dáa, ọmọ òun ni ibà ò fi sílẹ̀. Bẹ́líìtì tún béèrè: ṣé abẹ́rẹ́ yẹn ò gún ẹnikẹ́ni? Bàbá kọjú sí mi. Mo ní ó gún èmi. Èmi nìkan.
Bẹ́líìtì ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn ńlá lọ́la, kí wọ́n mú orúkọ àjẹsára náà dání, torí ọ̀kan nínú oògùn tí dókítà èèyàn máa ń lò kì í ran kòkòrò rẹ̀. Èmi tára mi dá! Wọ́n á fi Sàlímátù sílẹ̀ lórí ẹní.

Ọjọ́rú, 28
Mo ti sọ fún Bàbá. Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí. Ó gbé Sàlímátù wọ ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, nígbà tí Bẹ́líìtì lọ bu yìnyín, mo mú abẹ́rẹ́, mo fẹ́ fi han Sàlímátù pé mo mọ̀ ọ́n gún. Màlúù ta nípàá, abẹ́rẹ́ gún un lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè é ní ẹ̀gún ọ̀bọ̀kún. Ó ní: “Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá.”

Màlúù kan ni mo dì mú, òun náà já mọ́ mi lọ́wọ́. Àtàńpàkò yẹn kì í ṣe tèmi. Pé ẹni tí abẹ́rẹ́ gún ò ṣẹ́jú — ìyẹn nìkan ni mi ò parọ́ rẹ̀.