Móníítọ̀ Tuntun Sọ Ọ́ Di Kékeré

Lálúpọn

Kaothar Àníkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa, àmín. Àgbàdo wa ti gbó. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ilé dákẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń jẹun.

Dẹ́rẹ́bà tí o fi móníítọ̀ rán gbé e dé gáréèjì láyọ̀. Pẹlẹbẹ ni bíi wàláà, mo sì rò pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló jábọ́ sọ́nà, torí ti àtijọ́ ní ikùn lẹ́yìn. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà lọ wá ìyókù nínú búùtù. Ó rẹ́rìn-ín títí, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Mahfuz tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló bá mi so ó mọ́ èyí tí o fi sílẹ̀. Bó ṣe tàn, àyà mi já. Fọ́tò ọjọ́ tí o gboyè jáde, tó máa ń kún ojú ti àtijọ́ bámúbámú, ló dúró láàárín bíi sítáǹbù ara lẹ́tà, òkùnkùn sì yí ọ ká. Mo bi í pé ṣé o ti rù ni, àbí o tún ti sún jìnnà sí i. Ó ní rárá o, Baba, pé hóró iná tíntìntín ló wà lójú móníítọ̀. Ẹgbẹ̀rin ni ti àtijọ́ ní ìbú, ti tuntun kù díẹ̀ kó pé ẹgbàá, iye tí fọ́tò rẹ ní kò sì yí padà. Ìyẹn yé mi. Ebè tó kún oko kékeré, igun kan ló máa gbà lóko ńlá. Mo ní kó fà ọ́ tóbi. Ó fà á, ojú rẹ bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, n kò rí ẹ̀rín rẹ mọ́. Mo ní kó dá a padà kíá.

Ó wá ní kí n mú fọ́tò rẹ tuntun wá, pé fóònù òde òní ń ya hóró tó pọ̀. Kaothar, n kò ní. Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ya èyí. Ojú tì mí, mo parọ́ pé òmíràn wà nínú fóònù mi, pé fóònù ló kú. Ó ní kí n gbé e wá kí òun bá mi ṣáàjì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ta hóró yẹn ní Èkó, jọ̀ọ́, bá mi ra ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ ká fi kún tìrẹ, kí o sì fi owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá sí lọ́jà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lọ, á ṣọ́ ọ bọ̀. Bí o bá dé tí mo wà lóko, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Fàtímọ̀ tí a jọ pín ògiri. Bó bá bi ọ́ pé ta ni ọ́, má bínú. Ó ti pé ọdún márùn-ún tó ti kó dé, kò tíì rí ọ rí.

Èmi ni,
Làmídì bàbá rẹ