Èyí Tí Mo Lè Fi Kúnlẹ̀

Ìrètí àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù Kánádà ò pọ̀ jù? Orúnkún Màámi ti fúyẹ́, wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì.

O ní kí n yan ọ̀kan kí o tó sanwó lọ́jọ́ Ẹtì: dígí ojú tó ní kámẹ́rà, tàbí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń dé bí àṣíborí. Ọmọ ilé wa kan tó ń kàwé ní Pólì yá mi èyí ńlá dé wò ní ṣọ́ọ̀bù. Háà! Mo rí àwòrán búláòsì kan nínú rẹ̀ tó dúró sínú afẹ́fẹ́ bíi tòótọ́, mo ń yí i po, mo ń wo ojú rírán rẹ̀. Bí ìyá ọkọ mi ṣe wọlé nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ̀rọ yọ̀ bọ́ sí mi lẹ́nu.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ọ̀kadà lo fẹ́ gùn ni?"

Dígí ni kí o rà. Aránṣọ tí àgbà ń wọlé tọ̀ lójoojúmọ́ ò lè máa di orí mú kó tó kúnlẹ̀. Kámẹ́rà rẹ̀ náà á jẹ́ kí àwọn oníbàárà tí o bá mi wá lọ́hùn-ún rí ọwọ́ mi lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n bá mi béèrè: ṣé wọ́n lè fi gíláàsì ìkàwé mi sí i? Wákàtí mélòó ni iná rẹ̀ ń gbé?

Àpò rẹ ò ní gbẹ láé. Ìyá ọkọ mi kí ọ. Àwọn náà gba ẹ̀rọ ńlá yẹn dé wò, ẹ̀bẹ̀ la fi gbà á lórí wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Comfort