Lándirófà Wa Ti Rọ̀ Fún Ìyá Rẹ

Sàlámọ̀tù mi,

Rọra ṣílẹ̀kùn yàrá. Ìyá rẹ ń sùn níbẹ̀.

Lánàá, èmi àti Àlàbá mẹkáníìkì yọ irin díẹ̀ kúrò nínú sípíríìnì Lándirófà, a fi gíríìsì pa ìyókù, kí táyà lè máa wọ kòtò láìju èèyàn sókè. Bí o ṣe gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí ni mo wà á lọ sí Orílẹ̀-Òwu. Ìyá kọ́kọ́ kọ̀.

“Ṣàmsúdéènì, ìbàdí mi ò lè gba ọkọ̀ yẹn.”

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Kí a tó dé Ìkirè, wọ́n ti sùn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó kòkó sínú ọkọ̀ náà, kò lè gbẹ́rù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo lọ ra ẹja ní Àpòmù. Tí wọ́n bá jí, gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọn ò tíì rí i rí.