Gbàǹjo Kọ́bọ́ọ̀dù Àlájà Màríámù

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 1991

Iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ gidi lónìí, kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì onípákó kan àti ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti kú. Gbogbo ẹrù ilé olóògbé Àláàjì Abdulraheem, ọ̀gá rélùwéè àtijọ́ tó kú ní oṣù karùn-ún, ni wọ́n fẹ́ fi gbàǹjo tà. Wọ́n á wá pín owó rẹ̀ bí òfin ogún mùsùlùmí ṣe là á sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n kó tòun jẹ.

Àbúrò olóògbé ló wá bá mi nílé ní Adéwọlé, Àláàjì Abdulmumini. Ó dé fìlà kan tó ga bí ìkòkò. Fìlà ni màá máa pè é níbí. Ó bèèrè ọkọ mi. Mo ní ó ti pé ọdún méjì tí Adékọ̀yà ti sùn. Ó ní ta ló wá ń lu agogo gbàǹjo. Mo ní èmi Moṣọpẹ́ ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé obìnrin náà ń ṣe gbàǹjo ni. Mo ní ta ló ń tajà ní Ọjà Tuntun, ṣé ọkùnrin ni? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbà.

Adékọ̀yà, ṣé o ń gbọ́? Wọ́n gbà.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ wo ẹrù. Ẹrù ń bẹ! Àga onígi pupa tó ń fì síwá sẹ́yìn. Aago ògiri tó ga tó ọmọ ọdún méje, ó ṣì ń rìn. Giramafóònù tó ní ẹnu bí òdòdó. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Ọwọ́ àwọn òyìnbó rélùwéè tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé nígbà òmìnira ni Àláàjì ti ra gbogbo rẹ̀, ó sì tọ́jú wọn bí ọmọ. Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára wọn.

Yàrá ìyàwó rẹ̀ ló kù. Àlájà Màríámù wà ní tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó ń jókòó sílé, kò gbọ́dọ̀ jáde síta, ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Èmi obìnrin, mo wọlé ní tèmi. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, abọ́ idẹ kún inú rẹ̀, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè, wọ́n ń dán. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì wà lára òun náà.

Àlájà fún mi lómi. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ló wá ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó bá rà á pé ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni wọ́n fi ń fọ abọ́ wọ̀nyẹn. Kó má fi iyanrìn ha wọ́n.”

Mo tún jókòó. Mo ní ta ló ni kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Ó ní bàbá òun ló ṣe é fún òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé ìyá òun ló sì ra àwọn abọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Bídà, láti ìgbà tí òun ti wà lọ́mọge. Ẹrù ìyàwó! Kí ló kan ogún ọkọ níbẹ̀? Fìlà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ka ẹrù. Kò lè wọlé, kò sì ní bèèrè lọ́wọ́ opó. Ó kàn nàka sí ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ tó, wọ́n so ṣọ́ọ̀kì mọ́ orí igi gígùn, wọ́n sì fi kọ nọ́ńbà sára rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní: “Èmi tí mo wà ní tákàbà, kí n máa pariwo ẹrù? Wọ́n á ní n ò sunkún ọkọ, abọ́ ni mò ń sunkún.”

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ bá Fìlà. Mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, mo ní bóyá àṣìṣe wọ inú ẹrù yàrá Àlájà. Ó ní ṣé Àlájà ló rán mi. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti ba obìnrin náà lórúkọ jẹ́. Mo ní rárá. Ó ní tí kò bá rán mi, kí n máa lu agogo mi. Mo kí i, mo jáde.

Mo gba Post Office lọ, ibẹ̀ ni àkọ́bí olóògbé ti ń ṣiṣẹ́ báńkì. Abdulkadir. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọwọ́ Àlájà Màríámù ló dàgbà sí, òun ló ń pè ní Ìyá. Mo ro pé òun á sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ń wo tábìlì. Ó ní: “Ẹnu àgbà lobì ń gbó sí, mà. Àláàjì Abdulmumini ti sọ ọ́ jáde.” Ó dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́ mi wẹ́rẹ́. Ó gun alùpùpù Vẹ́sípà rẹ̀, ó lọ jẹun ọ̀sán.

Obìnrin fi ọmú ìfẹ́ tọ́ ọ dàgbà, o ò lè la ẹnu fún un. Ọmọ báńkì lásán-làsàn.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

N ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ wàásù. Abọ́ idẹ ni mò ń rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ọkọ mi máa ń sọ ọ́ pé onígbàǹjo kì í ra ohun tó ń tà. Ó dáa. Kì í ṣe èmi ni màá rà á. Ìyábọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, aláṣọ Ọjà Tuntun, ni yóò rà á, tí yóò sì dá a padà fún Àlájà. Owó tí mo fẹ́ fi rẹ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé ni mo kó fún un. Ògiri ti ń dúró bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kò wó.

Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Fìlà bá gbọ́ pé onígbàǹjo lọ́wọ́ sí i, iṣẹ́ bù ṣe. Àwọn ará Ìlọrin gan-an ló ń wí i pé sàráà tí ọwọ́ òsì kò mọ̀ sí ló lérè jù. Ìyábọ̀dé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè ná ọjà borí òun ní ìlú yìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ.

Àgbàlá kún dẹ́nu. Ọkùnrin jókòó sórí ìjókòó, sétí kànga, sórí ògiri. Oníṣòwò ará Ìbàdàn kan wà níwájú, tó ń ra ẹrù àtijọ́ kó lọ fún àwọn òyìnbó ní Èkó. Eyín wúrà kan ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, mo kúkú sọ ọ́ ní Eyín Wúrà. Òun ló ra àga tó ń fì. Òun ló ra giramafóònù. Imam àdúgbò ra aago, inú mi dùn sí ìyẹn. Ohùn mi jáde, kò há. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi bí wọ́n ṣe ń rín sí ti Adékọ̀yà.

Wọ́n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù jáde. Fèrèsé Àlájà wà lẹ́yìn mi gan-an, wọ́n ta kọ́tìnnì bò ó. Mo mọ̀ pé ó jókòó síbẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Eyín Wúrà dá owó. Ìyábọ̀dé fi lé e. Eyín Wúrà tún fi lé e, Ìyábọ̀dé náà tún fi lé e, Eyín Wúrà mirí, ó jókòó. Mo ti gbé agogo sókè. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe fọhùn. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ̀wù búlúù, n ò rí i rí, ẹ̀gbẹ́ Eyín Wúrà ló sì dúró sí. Mo ní hẹn-ẹn, aṣojú rẹ̀ rèé. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́.

Ìyábọ̀dé fi lé e. Ẹlẹ́wù búlúù fi lé e. Owó tí mo fún Ìyábọ̀dé tán, mo mọ ibi tó tán sí, ó tún fọhùn. Owó ọjà ara rẹ̀ ló ń dá báyìí. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo tún ṣẹ́jú. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, bí ẹni ń wo ìjàkadì. Ẹlẹ́wù búlúù ń làágùn, ó ń wò yíká, ó ń fi lé e. Nígbà tí owó náà tó ra kọ́bọ́ọ̀dù tuntun mẹ́ta, Ìyábọ̀dé dákẹ́. Omi ti lé sí i lójú.

Mo ka ẹ̀ẹ̀kan. Mo ka ẹ̀ẹ̀mejì, mo fà á gùn. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo lu agogo.

Fìlà wá bá mi lẹ́yìn náà, ó ní òun ò mọ̀ pé obìnrin lè ṣe é tó báyìí. Wọ́n gbé kọ́bọ́ọ̀dù sínú píkọ́ọ̀pù, ó lọ. N ò lè wọlé lọ kí Àlájà. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyábọ̀dé wá, a jọ sunkún. A bú Eyín Wúrà. A jẹ iṣu.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n pín owó. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ gbé e wọlé fún un. Owó kọ́bọ́ọ̀dù ara rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ṣeun. Ayé yìí!

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo mọ́kàn le, mo lọ kí Àlájà. Mo wọ yàrá, mo dúró bí òpó. Kọ́bọ́ọ̀dù rèé níbi tó wà tẹ́lẹ̀! Abọ́ rèé, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè.

Ó ní Abdulkadir àti Mohammed ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá dé ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Abdulkadir ní kò bá ẹni tó rà á lára mu, pé ó fi owó táṣẹ́rẹ́ tà á fún òun. Àlájà sọ ọ́, ojú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bèèrè bí Mohammed ṣe rí. Ó ní ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹ̀wù búlúù kan ló sábà máa ń wọ̀.

N ò mọ bí mo ṣe délé.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ dúró de Abdulkadir níwájú báńkì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. N ò rí Vẹ́sípà. Kó tó kí mi tán ni mo sọ ọ́: “Ọmọ mi, èmi ni mo rán obìnrin tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù.”

Ó ní, “Ẹ̀yin kẹ̀, mà?”

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní àwọn rò pé oníṣòwò ẹrù àtijọ́ bíi ti ará Ìbàdàn yẹn ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Èmi ò lè rín in. Ó ní bí òun bá tako Àláàjì Abdulmumini lójú ẹbí, òun kọ́ ni wọ́n á bínú sí, Ìyá ni. Wọ́n á ní òun ló ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Òun wá ní kí òun rà á wẹ́rẹ́, kí gbogbo ẹnu pa. Kò mọ̀ pé owó máa fò lọ bẹ́ẹ̀. Ó ta Vẹ́sípà.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Ó dì mí mú. Mo kó owó iṣẹ́ mi sí i lápò, ó ní rárá, mo ní dandan, a ń fà á lójú títì. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí Ìyá má mọ iye tí òun rà á. Ó ní bó bá mọ̀, yóò ta abọ́ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi san án. Mo búra fún un.

Ọmọ báńkì lásán-làsàn, àbí? Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

Mohammed mú owó náà padà wá. Ó fi sórí tábìlì, ó sá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Àlájà Màríámù ti jáde tákàbà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun ni mo bá níwájú ilé. Léèsì funfun, gèlè funfun, làálì lọ́wọ́. Abdulkadir ọmọ rẹ̀ ló mú un wá, àmọ́ ó ní kó lọ kí àwọn èèyàn ní òpópónà kejì, kí obìnrin méjì lè sọ̀rọ̀.

Ó ní òun wá dúpẹ́. Mo ní ọpẹ́ kí ni. Ó ní: “Bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Ìyábọ̀dé ti ń ta aṣọ fún mi kí irun mi tó funfun, mo sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ni. Mohammed ń jẹun ní ìdáná mi láti kékeré. Ṣé n ò ní mọ ohùn wọn ni?”

Ó mọ ohùn àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ rẹ̀ pa ara wọn lówó. Ó ní òun fẹ́ figbe ta pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ọkùnrin kún àgbàlá, tákàbà wà lọ́rùn òun, òun bá ki etí aṣọ bọ ẹnu. Ó ní tẹ́lẹ̀, nírọ̀lẹ́, òun máa ń gbọ́ ìró Vẹ́sípà Abdulkadir láti ọ̀nà jíjìn. Òun ò gbọ́ ọ mọ́.

Mo ní kó jẹ́ kí a sọ fún un. Ó ní kí n má dán an wò. “Inú rẹ̀ dùn pé òun tàn mí. Ẹ jẹ́ kó máa dùn.”

Èmi rèé. Ẹnu ni mo fi ń jẹun, ìyá àti ọmọ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Abdulkadir padà dé, ó wólẹ̀ kí mi. Ìyá rẹ̀ dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ pé Vẹ́sípà rẹ̀ dà, ó ti pẹ́ tí òun ti rí i.

Ó ní, “Ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, Ìyá.”

Ó ní, “Ọlọ́run á bá ọ tún un ṣe.”

Ó ní, “Àmín.”

N ò lè wo ẹnikẹ́ni nínú wọn lójú. Wọ́n jọ rọra rìn lọ wá takisí, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú nítorí kòtò.