Wíńdò Ní Igbó Ni Ibi Tí Ìyá Rẹ Wà

Misturat ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé ara le n'Íbàdàn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Àwa náà wà l'Ágọ̀ọ́-Àrẹ, òjò ń rọ̀, iṣu ti ń ta. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, torí ta ló mọ ẹni tí wọ́n pín òun náà fún?

Kọ̀ǹpútà tó o fún Kàdírì àbúrò rẹ nígbà Iléyá ló fa ọ̀rọ̀. Ó ń wọ́ bí ìgbín, la bá gbé e lọ sọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé tó ń tún wọn ṣe ní Ṣakí. Ó tú u wò, ó ní díìsìkì kan ṣoṣo tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí ló wà nínú ẹ̀ bí ilẹ̀ oko, àmọ́ o ti pín in fún ọ̀gá méjì tó ń darí ẹ̀, Wíńdò àti Línọ́ọ̀sì. Mo ní ta ni Línọ́ọ̀sì, ọmọ ta ni, ìgbà wo ló wá tọrọ ilẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Misturat, o pín ilẹ̀, o ò pe ẹnikẹ́ni wá wo ààlà! Wíńdò tún gé tiẹ̀ sí méjì, ó ń fi lẹ́tà òyìnbó pè wọ́n ní Sí àti Dí, Línọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ kó gbogbo ẹrù ẹ̀ sábẹ́ òrùlé kan. Línọ́ọ̀sì lè wọ oko Wíńdò lọ mú ohun tó bá wù ú, Wíńdò ò sì rí nǹkan kan lóko Línọ́ọ̀sì. Tó bá débẹ̀, á ní igbó ni, ṣé kóun ṣán an, kóun pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́? Kàdírì ló kà á fún mi lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó dúró sáàárín ebè iṣu tó ní igbó ni, kí ló ń wá?

Ọ̀jẹ̀túndé náà ní ká ṣán an, ká kó gbogbo ilẹ̀ fún Wíńdò, kó lè yára. Mo bi í léèrè pé kí ni Wíńdò ṣèlérí fún un. Ibẹ̀ ni Kàdírì ti pariwo pé oko Línọ́ọ̀sì ni ohùn Àwáwù ìyá yín wà, èyí tó o gbà sílẹ̀ kó tó kú, níbi tó ti ń bú mi pé mo jẹ́ kéwúrẹ́ jẹ èlùbọ́ tó sá sórí àpáta. Mo já kọ̀ǹpútà gbà. Wọ́n ní orí mi ti yí. Kí wọ́n máa sọ.

Ó ti wà nínú àpótí mi, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Kàdírì ń sunkún, kó máa sun. Ó ní ìwọ nìkan lo mọ pásíwọ̀ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọ ọ̀dọ̀ Línọ́ọ̀sì. Owó kẹ́míkà koríko tí mo ní kó o fi ránṣẹ́, má fi ránṣẹ́ mọ́, fi wọkọ̀ wálé. Tó bá ṣẹ́ kù, mú un dání. Wá ṣílẹ̀kùn fún Àwáwù, kó bú mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹni tí ò lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pe oko rẹ ní igbó. Àmín.

Èmi bàbá rẹ,
Mùstàfá