Bí Igi Pómégíránétì Mi Ṣe Di Fúláwà ní Ajégúnlẹ̀

Ilé Bàbá Àjàmú,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá, Èkó.
Oṣù Kejì, 1993.

Títílọpẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni Kàdúná? Ṣé ọyẹ́ ibẹ̀ ti dẹwọ́ díẹ̀, ṣé ètè rẹ kò là mọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kí ó má bá ọ lórí ẹní àìsàn, kí iṣẹ́ ọ́fíìsì má sì tẹ̀ ọ́ lẹ́yìn kí o tó dàgbà. Ara tèmi le. Orúnkún mi tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn ti dákẹ́. Ìyá rẹ ránṣẹ́ láti abà pé kòkó ṣe dáadáa lọ́dún yìí, pé ewúrẹ́ bí ìbejì, pé ìgbà wo gan-an ni mo ń bọ̀ nílé. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé n kò tíì lè wá, nítorí mo ti di ẹni ńlá ní Èkó. Fara balẹ̀ kà á, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́.

Nígbà tí iléeṣẹ́ yín gbé ọ lọ sí Kàdúná tí o ní kí n wá máa gbé yàrá rẹ kí lánlọ́ọ̀dù má baà fi í fún ẹlòmíràn, kì í ṣe olè ló ń bà mí lẹ́rù, kì í sì í ṣe ọkọ̀. Àìríṣẹ́ṣe ni. Èmi tí mo ti ń jí lọ sóko láti kékeré, mo wá jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń wo iyanrìn. Mo gbin tẹ̀tẹ̀, ó kú. Mo gbin ata, ó kú. Omi kànga ilé yìí níyọ̀, àfi bí ẹni pé òkun ń yọ́ wá sábẹ́ ilé wa. Sylvanus tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń já ẹrù ní èbúté Kírìkírì, ló mú èso kan bọ̀ wá fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní alásè inú ọkọ̀ ojú omi ló fún òun. Èso náà pupa, ó rí roboto, ó sì dé adé. Mo rò pé ọba gúáfà ni. Mo là á, n kò rí ẹran kankan níbẹ̀, eyín ló kún inú rẹ̀, wóró pupa tó to ara wọn bí eyín ẹnu ọmọdé. Mo jẹ díẹ̀, mo ri ìyókù sínú iyanrìn, mo ń fi omi oníyọ̀ yẹn bomi rin ín torí kò sí òmíràn, ó sì hù. Igi tí iyọ̀ kò lè pa! Inú mi dùn débi pé mo máa ń kí i láàárọ̀. Ìwọ náà rí i nígbà tí o wá ṣọdún Kérésì lọ́dọ̀ mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, o ní ata ni. Kì í ṣe ata.

Ó dàgbà, ó gùn jù mí lọ, ó sì lẹ́gùn-ún. Ẹ̀gún yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti Philomena aránṣọ, tí okùn tó ń sá aṣọ sí kọjá lẹ́bàá igi náà, torí ó ya léèsì oníbàárà rẹ̀ kan. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Nígbà tí igi yọ òdòdó tó pupa bí ẹyin iná, tí òdòdó náà sì ń já bọ́ sílẹ̀ láìso, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Philomena, mo sì fi ojú burúkú wò ó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọlọ́run dárí jì mí. Ìgbà tí mo jókòó rò ó ni mo rí i pé oyin kò sí lágbègbè wa. Oyin wo ló gbọ́n tí yóò la gọ́tà Ajégúnlẹ̀ kọjá wá? Mo bá mú ìyẹ́ adìẹ, mo ń fi ṣe iṣẹ́ oyin, mò ń ti inú òdòdó kan bọ́ sí òmíràn. Philomena rí mi. Ó lọ sọ fún gbogbo ilé pé Bàbá Títí ń bá igi rotí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Èmi ń bá iṣẹ́ oyin mi lọ, torí ìdí òdòdó ti ń wú.

Ibi tí mo ti ń dùnnú ni Sátidé ìmọ́tótó pé, ni wolé-wolé bá wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ kákí, ó dé fìlà. Ó wo gọ́tà, ó wo ilé ìyàgbẹ́, ó wá rí igi mi. Ó ní igbó ni. Ó ní igbó ló ń kó ẹ̀fọn àti ejò wálé, pé bí òun bá padà wá lóṣù tó ń bọ̀ tí òun tún rí igbó níbẹ̀, onílé yóò dé kóòtù. Títí, Bàbá Àjàmú lánlọ́ọ̀dù kò dé kóòtù rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó wá bá mi jẹ́jẹ́ lẹ́yìn náà, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fọwọ́ ara mi tu ú, torí òun mọ̀ pé ọmọ ni ó jẹ́ fún mi. Oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ní láti fi pe ara mi ní àgbẹ̀ nílùú yìí nìyẹn.

Mo ní n óò sọ fún ọ. Sylvanus mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ tẹlifóònù ní Àpápá, wọ́n tẹ ọ́fíìsì yín, obìnrin kan sì gbé e. Mo kí i, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ, mo ní kí ó pe Títílọpẹ́ Akínsànyà fún mi. Ó sọ nǹkan kan lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo tún un sọ fún un díẹ̀díẹ̀. Òun náà tún ohun kan náà sọ. Bí mo ṣe pariwo tó, kò bínú, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Sylvanus ní ẹ̀rọ ni, pé ó ń sọ pé ọ̀nà dí. Mo ní ẹ̀rọ wo ló ní ọ̀fun? Jọ̀ọ́, bá ọ̀gá yín sọ ọ́. Obìnrin náà ní sùúrù o, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ìkíni. Bí mo sì ti wà ní Àpápá, mo yà ní báńkì gba owó tí o fi ránṣẹ́. Mo bi ọmọbìnrin ibẹ̀ bóyá owó tí ọmọ mi san ní Kàdúná gan-an nìyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu yà mí. Owó rin ìrìn tó jìn tó yẹn, ọ̀kan kò sì run! Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bí òkè ọya lóòótọ́.

Ìgbà tí a ń padà ni a gba àdúgbò àwọn ọlọ́lá kọjá. Mo rí i pé igi wà níwájú gbogbo ilé wọn, òmíràn ga ju tèmi lọ, kò sì sí èyí tí ẹnu lè jẹ nínú wọn. Mo bi bàbá gáádínà kan tó ń bomi rin wọ́n pé kí ló dé tí wolé-wolé kì í gé tiyín. Ó ní fúláwà ni, kì í ṣe igbó. Mo ní kí ló yàtọ̀ nínú méjèèjì. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, tí ẹ bá gé e kó rí roboto, tí ẹ fi òkúta funfun yí i ká, fúláwà ni. Tí kò bá ti sí òkúta, igbó ni.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un ní títì. Sylvanus ní kí n dìde, pé ọkọ̀ ń bọ̀.

A délé, mo kó gbogbo ilé jọ, mo sọ ọgbọ́n gáádínà yẹn fún wọn. Ibẹ̀ ni Sylvanus ti dá orúkọ igi náà, ó ní alásè yẹn pè é ní pómégíránétì. Philomena pariwo, ó sáré wọlé mú Bíbélì, ó ní àwòrán rẹ̀ ni Ọlọ́run ní kí wọ́n ṣe sí ìṣẹ́tí aṣọ olórí àlùfáà. Àṣírù awakọ̀ tírélà gbọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ewé rẹ̀ dáadáa, pé rúmáánì ni, pé ó wà nínú Àlùkùránì, nínú ọgbà àlùjánnà. Wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó ni ín títí Àṣírù fi lọ kírun. Mo ní kí wọ́n má jà, èmi tí mo gbìn ín ni mo ni ín. Lọ́jọ́ kejì Àṣírù fi tírélà kó òkúta bọ̀. Sylvanus mú ọ̀dà funfun wá láti èbúté. Philomena tú okùn aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ rẹ̀ bá mi gé ẹ̀ka tó ta kọ́sọ́kọ́sọ́. Bàbá Àjàmú ló kun òkúta tó kẹ́yìn.

Wolé-wolé dé. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé tààrà, ó wá dúró. Ó ní, “Bàbá, igbó yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Igbó wo? Fúláwà la ní níbí.”

Ó yí i po. Ó fọwọ́ kan òkúta, ọ̀dà ràn án lọ́wọ́. Ó wo òkè, ó rí èso tó rọ̀ wálẹ̀ tó ti ń pọ́n, ó ní òun kò tíì rí fúláwà tó ń so báyìí. Philomena ṣí Bíbélì. Àṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéwú. Wolé-wolé ní ìjọba kò bi òun léèrè nípa ọ̀run, ta ló ni igi? Mo ti la ẹnu láti sọ pé èmi ni, kí wọ́n mú èmi, kí wọ́n fi onílé sílẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, Philomena tí ẹ̀gún ya léèsì oníbàárà rẹ̀ ní, “Tiwa ni.” Gbogbo ilé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní tiwa ni, títí kan Bàbá Àjàmú. Omi bọ́ lójú mi, Títí. Mo sọ fún wọn pé ọ̀dà ló ta mí lójú.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó lọ pe àwọn ará ilé kejì tí gọ́tà wọn ń rùn, ó ní kí wọ́n wá wo bí ẹ̀yìnkùlé ṣe ń rí. Wọ́n wá! Kí ó tó lọ ó rọra sọ fún mi pé bí ó bá pọ́n kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìyàwó òun, mo sì fi sílẹ̀. Ó pọ́n, ó sanra, àwọn kan fúnra wọn là bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. A pín in, ó kárí gbogbo yàrá, Bàbá Àjàmú jẹ tirẹ̀ tòun ti èèpo kí a tó dá a dúró. Báyìí, ìdajì àdúgbò ti wá tọrọ irúgbìn. Ní ìpàdé òpópónà wa, wọ́n fi mí ṣe Alága Fúláwà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rántí ohun tí mo sọ.

Ohun tí mo wá ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Alága kì í fi sálúbàtà jókòó síwájú ènìyàn, nítorí náà jọ̀ọ́, fi owó bàtà ránṣẹ́, èyí tó bá lè dún kò-kò-kò ni mo fẹ́. Fi ti fótò lé e, torí mo fẹ́ yà á kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, kó lè rí ẹni tó fẹ́.

Ọlọ́run yóò wà pẹ̀lú rẹ. O kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ilẹ̀ àjèjì kò ní kọ̀ ọ́, ibikíbi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ yóò máa fi ọ́ yangàn. Bí a ti ń ròyìn rẹ fún mi nílé ni a óò máa ròyìn rẹ lóko. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínsànyà,
Alága Fúláwà.