Bátìrì Mọ́tò Rẹ àti Ojú Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn àti ẹni tó ń wakọ̀ kò ní gbàgbé rẹ níbi tó o wà. Ara tèmi le. Ní ti ìyá rẹ, mò ń bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má fò lọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, nítorí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rò ó, àárín rẹ̀ ò sì dára.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè wá láti ọjọ́ mẹ́ta tí fóònù ò lọ. Èmi ni mo pa á. Mo ti kọ́gbọ́n lára bátìrì mọ́tò rẹ, n kò fẹ́ kí ti fóònù tún kú mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá pa á, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ, ó ń sinmi. Bó o bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kọ lẹ́tà ṣáájú, kí n lè mọ ọjọ́ tí màá tàn án.

Nígbà tó o gbé mọ́tò náà sílẹ̀ fún wa lóṣù méjì sẹ́yìn, kí Bàbá Dírẹ́bà tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa lè fi gbé ìyá rẹ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, o kìlọ̀ fún mi pé bí mọ́tò bá dúró pẹ́ láìrìn, agbára bátìrì rẹ̀ á máa tán díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. O ní kí wọ́n máa wà á káàkiri lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ irin dúdú tó wà lórí bátìrì. Ọmọ mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo ní irú ìtọ́jú wo ni wọ́n ń fi yíyọ nǹkan lórí ẹni ṣe? N kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Wíwà náà, mo ní epo ọmọ mi kọ́ ni màá máa fi ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Dírẹ́bà wá láti wà á, mo ní kó jẹ́ kó sùn. Ohun témi ṣe ni pé mo fi téèpù wọn mọ́tò náà láti imú dé ìdí, mo fi àjákù kọ́tìnì rán aṣọ fún un, ó sì bá a mu rẹ́gí. Àfi bí mo ṣe bò ó tán tí mo rí i pé inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo tan iná kékeré tó wà lókè orí, èyí tí kò ju hóró àgbàdo lọ, kó má bàa dá wà nínú òkùnkùn, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

O mọ̀ pé ojú òsì ìyá rẹ ti lọ. Ọ̀tún tó kù náà, bí ẹni ń wo inú èéfín ni. Oṣù mẹ́jọ la fi retí ọjọ́ Túsìdeè tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ náà. Nọ́ọ̀sì ti ní aago mẹ́jọ, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà tẹ́nì kankan ò dáhùn, ẹlòmíì á wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Dókítà sì ti ní ojú náà ò lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀, ìyá rẹ ti jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì lé itan. Bàbá Dírẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò tilẹ̀ wúkọ́. Ó tún yí i, kẹ́kẹ́ pa. Ó bi mí bóyá mo fi nǹkan kan sílẹ̀ ní títàn, mo ní rárá o, nítorí iná kékeré mi alára ti kú, kí ni màá nawọ́ sí? Mo ní ká tì í, ó ní irú mọ́tò yìí ò ṣeé tì. Ìyá rẹ ò bínú, ó ṣáà ń bi wá pé aago mélòó ló lù.

Yéè, ọmọ mi! Bàtà ẹsẹ̀ kan ni mo fi sáré bọ́ sí títì. Mo dúró gbagidi níwájú mọ́tò ẹlẹ́rù búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun, mo ní ojú ìyá tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀ ló fẹ́ fọ́ yìí. Ó yí mọ́tò padà. Wọ́n fa wáyà pupa àti dúdú láti ara tiẹ̀ sára tiwa, ó wúkọ́, ó jí. Bàbá Dírẹ́bà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á títí a ó fi débẹ̀. Nígbà tá a dé géètì ilé ìwòsàn, wọ́n ti ń pe nọ́ńbà wa lẹ́ẹ̀kejì. Mo figbe ta pé ó wà, ó ń bọ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá rẹ pọ̀n.

Wọ́n ṣe é, wọ́n dì í lójú, wọ́n ní ká padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A délé, mo wọ aṣọ fún mọ́tò. Ilẹ̀ mọ́, ó tún ti kú! Oníbúrẹ́dì ti fa wáyà dání kí n tó la ẹnu.

Nọ́ọ̀sì tú ojú náà, ó na ìka sókè. Ìyá rẹ ní mẹ́ta ni, àti pé bọ́tìnì kan ti já lára aṣọ nọ́ọ̀sì. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. A wọ mọ́tò, ìyá rẹ gbójú sókè, ó béèrè ta ló tan iná lójú ọ̀sán gangan. Bàbá Dírẹ́bà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wo òkè, ó wá wò mí. Kò bú mi. Ó ṣàlàyé pé hóró àgbàdo yẹn ló ń fa bátìrì mu tọ̀sán-tòru. Ilẹ̀ ò kúkú lanu kí n kó sí i. Mò ń ṣàánú mọ́tò, díẹ̀ ló kù kí n fi fọ́ ojú aya mi.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, a fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì. A ti ra búrẹ́dì rẹ̀ títí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn wá. Kí ohunkóhun tó o bá yí kọ́kọ́rọ́ sí máa jẹ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìmọ́lẹ̀ rẹ má kú, kó má sì pa ọ́ lára. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀ tó rán aṣọ mọ́tò.

Èmi ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Mo ti tan fóònù, pè wá. Wọ́n ń yọ irin orí bátìrì náà lọ́wọ́ báyìí, bàbá rẹ ti lọ jókòó sẹ́yìnkùlé kó má bàa rí i. Bàbá Dírẹ́bà ní kí n mú sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá wá. Sípánà mẹ́jọ ló wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn jọra. Mo gbé wọn sójú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára, mo mú nọ́ńbà mẹ́wàá fún un. Ẹnikẹ́ni ò bá mi kà á.